2147483647: báwo la ṣe lè fi ẹ̀rí hàn pé práìmù ni, kí ló sì dé tí kóòdù yìí fi ń sọ pé kì í ṣe práìmù?

Tísà_Òwé (Kàbà)

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá nítorí àwọn ọmọ SS3 tí à ń kọ́ ní ìṣirò àti kọ̀ǹpútà níbí.

Gbogbo ìwé ló sọ pé 2147483647, ìyẹn 2^31 − 1, jẹ́ práìmù: kò sí nọ́mbà tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòdù Java tí àwọn ọmọ ń dà kọ lọ́wọ́ ara wọn nìyí:

```
static boolean praimu(int n) {
    if (n < 2) return false;
    for (int i = 2; i * i <= n; i++)
        if (n % i == 0) return false;
    return true;
}
```

Ẹ fi 97 sí i, ó ní true. 131071, true. 524287, true. Tó bá wá kan 2147483647, á dúró pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á ní false.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dáhùn. Níbo gan-an ni kóòdù yẹn ti ṣìnà? Orí nọ́mbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀? "Ó ti tóbi jù" kò tó mi, torí àwọn ọmọ yìí máa bi mí. Èkejì, ṣé ọ̀nà wà tí kíláàsì kan lè gbà fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ pẹ̀lú kakulétọ̀ ọwọ́ àti bírò? Iná kì í dúró lọ́sàn-án, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nítorí pé ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀.

---

Bùnú_Kóòdù

Okun o, Tísà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti kóòdù.

46340 × 46340 jẹ́ 2147395600. Ìyẹn ṣì wọ inú int (àyè oníbíìtì 32 tí Java ń fi odidi nọ́mbà pamọ́ sí). 46341 × 46341 jẹ́ 2147488281, ó sì ti kọjá ibi tí int lè gbà dé. Java kò ní sọ̀rọ̀, kò ní kígbe. Ńṣe ló máa yọ 2^32, ìyẹn 4294967296, kúrò nínú rẹ̀, tí i * i á fi di −2147479015. Nọ́mbà òdì ni, ó kéré sí n, nítorí náà lúùpù ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Orí 46341 ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó wá burú jù ni pé n yìí gan-an ni int tó tóbi jù lọ. Kò sí int kankan láyé tó lè ju 2147483647 lọ, nítorí náà `i * i <= n` kò lè di irọ́ láéláé, ohun yòówù kí i * i dà. Tí i bá dé 65536, i * i á di 0 gan-an, lúùpù ò sì ní dúró. Yóò máa rìn títí i fúnra rẹ̀ á fi di 2147483647. Níbẹ̀ ni n % i (àṣẹ́kù tí a bá fi i pín n) ti di 0, torí pé nọ́mbà gbogbo ló ń pín ara rẹ̀, kóòdù á sì dáhùn pé false. Olùpín tí ó rí ni n fúnra rẹ̀. Ìdí tó fi ń pẹ́ náà nìyẹn: ó ń ṣe ìpín tó lé ní bílíọ̀nù méjì dípò 46339 tó yẹ kó ṣe.

Ẹ yí ìlà kan padà:

```
for (int i = 2; i <= n / i; i++)
```

Ìpín kì í kún wọ́ sílẹ̀, nítorí náà kò sí ewu. Tí ẹ bá fẹ́ràn ìlọ́po, ẹ lo long, àyè oníbíìtì 64 tó fẹ̀ ju int lọ, ẹ kọ `(long) i * i <= n`, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo ibi tí àkámọ́ wà dáadáa. `(long)(i * i)` kò tún nǹkan kan ṣe, nítorí pé inú int ni ìlọ́po náà ti ṣẹlẹ̀ tó sì ti bàjẹ́ kó tó di long. Mo ti rí i nínú kóòdù àwọn àgbà pàápàá.

Ní C àti C++, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè méjèèjì kò ṣèlérí kankan nípa int tó bá kún wọ́ sílẹ̀, nítorí náà kọ́ńpáílà kan lè ṣe bíi ti Java, òmíràn lè ṣe nǹkan mìíràn pátápátá. Ẹ má fi ohun tí ẹ rí lórí ẹ̀rọ kan ṣe òfin. Python ò ní ìṣòro yìí, int rẹ̀ ń gbòòrò bó ṣe yẹ.

Ẹ wo ìdí tí 524287 kò fi tú àṣírí: 724 × 724 jẹ́ 524176, 725 × 725 jẹ́ 525625, lúùpù ti dúró níbẹ̀, ó sì jìnnà gan-an sí ààlà. Ẹ kọ́ wọn láti máa dán kóòdù wò ní ẹnu ààlà gan-an, torí àárín kò sọ nǹkan kan.

Ààlà yìí kan náà ló fa ọ̀rọ̀ ọdún 2038 tí wọ́n ń gbọ́. Ètò tó bá ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti 1 January 1970 sínú int oníbíìtì 32 máa dé 2147483647 ní 19 January 2038, aago 3:14:07 ti àgbáyé, ìyẹn 4:14:07 òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀ lé e, á padà sí 13 December 1901. Jíjẹ́ práìmù rẹ̀ kò sí lára ohun tó fà á. Ààlà oníbíìtì 31 ló ṣe kòńgẹ́ práìmù.

---

ÌyáMáàsì_Ìyàrà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tísà. Ti kakulétọ̀ ni tèmi, torí ibẹ̀ ni adùn ọ̀rọ̀ yìí wà.

Bí a bá ní ká dán gbogbo práìmù tó wà lábẹ́ 46340 wò, wọ́n sún mọ́ 4800. Kíláàsì kankan ò ní parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n 2^31 − 1 kì í ṣe nọ́mbà ṣákálá. Bí a ṣe kọ́ ọ ti sọ irú olùpín tó lè ní, ẹ sì lè ṣàlàyé ẹ̀ fún SS3 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ ní práìmù q pín 2^31 − 1 láìṣẹ́kù. Ìyẹn ni pé tí a bá fi q pín 2^31, 1 ló máa ṣẹ́kù. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti 1, ẹ máa fi 2 lọ́po, ẹ máa kọ àṣẹ́kù lórí q sílẹ̀: lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 31, ẹ ti padà sí 1. Ìpadà àkọ́kọ́ kò lè ṣáájú ìyẹn, torí pé iye ìgbésẹ̀ ìpadà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ pín 31, 31 sì jẹ́ práìmù. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti sọ pé 2^(q−1) máa ń ṣẹ́ku 1 lórí práìmù q tí kì í ṣe 2. Nítorí náà 31 gbọ́dọ̀ pín q − 1. 2 náà pín in, torí q kò ṣeé pín sí méjì. Ó di q = 62k + 1.

Ìdè kejì: 2^32 ṣẹ́ku 2 lórí q, torí pé 2 × 1 ni. Ṣùgbọ́n 2^32 jẹ́ 65536 tí a fi lọ́po ara rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé 2 ní síkúẹ̀ rúùtù lórí q, ìyẹn kì í sì í rí bẹ́ẹ̀ àfi tí q bá ṣẹ́ku 1 tàbí 7 nígbà tí a bá fi 8 pín in. Ẹ pa ìdè méjèèjì pọ̀, ọ̀nà méjì péré ló kù:

q = 248n + 1, tàbí q = 248n + 63.

Lábẹ́ 46340, ti àkọ́kọ́ lọ láti 249 dé 46129, 186 ni wọ́n. Ti èkejì lọ láti 311 dé 46191, 186 náà ni (63 fúnra rẹ̀ jẹ́ 7 × 9, ẹ fi sílẹ̀). Àpapọ̀ 372. Ọ̀nà tí Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, gbà nìyí. Ó kọ ọ́ sí Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, nínú lẹ́tà ní 1772, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Nọ́mbà yìí sì ni práìmù tó tóbi jù lọ tí ẹnikẹ́ni mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

372 yẹn gan-an, ọ̀pọ̀ ló máa ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: 249 jẹ́ 3 × 83, ó lọ. 311 jẹ́ práìmù, ẹ pa á mọ́. 497 jẹ́ 7 × 71. 559 jẹ́ 13 × 43. 745 parí sí 5. 807 jẹ́ 3 × 269. 993 jẹ́ 3 × 331. 1055 parí sí 5. 1241 jẹ́ 17 × 73. 1303 jẹ́ práìmù, ẹ pa á mọ́. Lẹ́yìn náà 1489, lẹ́yìn náà ó di 2543. Iye tó máa kù lẹ́yìn ìgbọ̀n yìí jẹ́ nǹkan bí ọgọ́rin. Kíláàsì ọmọ ogójì, méjì-méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe é ṣe ní ọ̀sán kan.

Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ rèé kí ẹ lè fi tiyín wé e:

311: ó wọ̀ ọ́ lọ́nà 6905092, ó ṣẹ́ku 35.
1303: ó wọ̀ ọ́ lọ́nà 1648107, ó ṣẹ́ku 226.
1489: ó wọ̀ ọ́ lọ́nà 1442232, ó ṣẹ́ku 199.
2543: ó wọ̀ ọ́ lọ́nà 844468, ó ṣẹ́ku 1523.

Ẹ pín, ẹ mú odidi nọ́mbà nìkan, ẹ fi q lọ́po rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 2147483647. Kí wọ́n má ṣe wo ẹ̀yìn dẹ́símà láti mọ̀ bóyá ó pín dọ́gba; kakulétọ̀ máa ń ká ibẹ̀ kúrú, ó sì lè tan ọmọ jẹ.

Ohun tó máa dààmú yín ni kakulétọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí kò gbà ju nọ́mbà mẹ́jọ lọ. 2147483647 jẹ́ nọ́mbà mẹ́wàá. Ẹni tó ní irú ẹ̀ kò nílò láti tẹ odidi rẹ̀ rárá. Kó gba orí 2^31 lọ. Ẹ wo 311: 2^10 jẹ́ 1024, ó ṣẹ́ku 91. 2^15 jẹ́ 91 × 32 = 2912, ó ṣẹ́ku 113. 2^30 jẹ́ 113 × 113 = 12769, ó ṣẹ́ku 18. 2^31 jẹ́ 36. Ẹ yọ 1, ó di 35, àṣẹ́kù kan náà. Fún q tó ga, tí àṣẹ́kù 2^15 bá ti lé ní 9999, kó má fi lọ́po ara rẹ̀, torí ìyẹn náà á ju nọ́mbà mẹ́jọ lọ. Láti 2^15, kó máa fi 2 lọ́po lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, kó máa yọ q nígbàkígbà tó bá kọjá q. Nọ́mbà tó máa rí kò lè dé 92700.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀nà yìí dán àwọn tó ṣubú wò. Cataldi, ará Ítálì, ṣe iṣẹ́ tó dára ní 1588: ó fi ẹ̀rí hàn pé 2^17 − 1 àti 2^19 − 1 jẹ́ práìmù, ìyẹn 131071 àti 524287 tí Tísà dárúkọ. Ó tún sọ pé 2^23 − 1, 2^29 − 1, 2^31 − 1 àti 2^37 − 1 náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti 31 nìkan ló bọ́ sí i nínú mẹ́rin yìí. Ẹ wá wo ohun tí ìgbọ̀n wa ṣe sí àwọn mẹ́ta yòókù:

2^23 − 1 = 8388607. Olùpín gbọ́dọ̀ jẹ́ 46k + 1. Àkọ́kọ́ ni 47, ó ṣẹ́ku 7 lórí 8, ó kọjá ìgbọ̀n. 47 × 178481 = 8388607.

2^29 − 1 = 536870911. 58k + 1: 59 kò kọjá, 117 kò kọjá, 175 kọjá ṣùgbọ́n 5 pín in. 233 ló kàn. 233 × 1103 × 2089.

2^37 − 1 = 137438953471. 74k + 1: 75 kò kọjá, 149 kò kọjá. 223 ló kàn. 223 × 616318177.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, práìmù àkọ́kọ́ tó kọjá ìgbọ̀n ló wó o lulẹ̀. Ìpín kan péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan! Fermat ló rí 47 àti 223 ní 1640. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mẹ́ta yìí, ìdí tí 248n + 1 àti 248n + 63 fi ṣe pàtàkì á yé e láìsí àsọyé púpọ̀.

---

Tísà_Òwé (Kàbà)

Mà, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ń to orúkọ àwọn ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́mbà wọn.

Ìbéèrè méjì ló tún yọ. Tí ọmọ kan bá ṣe ìpín rẹ̀ lódì, odindi ẹ̀rí á wó. Báwo la ṣe máa mọ̀? Ọ̀kan nínú wọn tún sọ pé níwọ̀n bí Fermat ti ní 2^(n−1) máa ń ṣẹ́ku 1 lórí práìmù, kí ló dé tí a ò kàn ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ká sinmi?

---

ỌmọYàgbà (Ìsánlú)

Okun o, ẹ̀gbọ́n.

Ti àkọ́kọ́, ẹ fi ẹ̀sán yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ro àwọn nọ́mbà inú 2147483647 pọ̀: 46, lẹ́yìn náà 10, lẹ́yìn náà 1. Ìpín tó bá tọ̀nà gbọ́dọ̀ fún wa ní 1 náà. Ẹ wo 311: 3+1+1 = 5. 6905092 di 31, ó di 4. 5 × 4 = 20, ó di 2. Àṣẹ́kù 35 di 8. 2 + 8 = 10, ó di 1. Ó bára mu. Àṣìṣe tó jẹ́ pé nọ́mbà méjì kàn pààrọ̀ àyè kò ní hàn níbẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì mú q kan náà: ẹnì kan pín, ẹnì kejì gba orí 2^31 tí Mà ṣàlàyé. Tí àṣẹ́kù wọn bá dọ́gba, ó ṣòro kí méjèèjì ti ṣìnà sí ibì kan náà. Ẹ tún yẹ ìtòlẹ́sẹẹsẹ wò, torí pé q kan tí wọ́n fò burú ju ìpín kan tí wọ́n ṣe lódì lọ: kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ti ọmọ tó fẹ́ fi Fermat sinmi: ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n 2 gan-an ni nọ́mbà tí kò yẹ ká lò fún irú nọ́mbà yìí. Ẹ wo 2^11 − 1 = 2047. Kì í ṣe práìmù, 23 × 89 ni. Síbẹ̀ 2^11 ṣẹ́ku 1 lórí rẹ̀, torí bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn. 2046 sì jẹ́ 11 × 186, nítorí náà 2^2046 ṣẹ́ku 1. Ó kọjá ìdánwò, irọ́ sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni 8388607 àti gbogbo 2^p − 1 tí p jẹ́ práìmù tí kì í ṣe 2 ṣe máa kọjá. Ìdánwò tí gbogbo wọn ń yege kò lè yan ẹnikẹ́ni. Ẹ lo 3: 3^2046 ṣẹ́ku 1013 lórí 2047, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ yíyege pẹ̀lú 3 náà kì í ṣe ẹ̀rí tó pé. Ohun tó lè ṣe dájú ni láti fi hàn pé nọ́mbà *kì í ṣe* práìmù.

Èyí tó jẹ́ ẹ̀rí pátápátá, tí a ṣì ń fi wá àwọn práìmù ńláńlà lónìí, ni ti Lucas àti Lehmer. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4. Ẹ fi nọ́mbà náà lọ́po ara rẹ̀, ẹ yọ 2, ẹ mú àṣẹ́kù lórí 2^p − 1. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀ p − 2. Tó bá di 0, práìmù ni. Tí kò bá di 0, kì í ṣe práìmù. Kò sí "bóyá" níbẹ̀. (p fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ práìmù tó ju 2 lọ.)

Lórí 31: 4, 14, 8, 0.
Lórí 127: 4, 14, 67, 42, 111, 0.
Lórí 2047: 4, 14, 194, 788, 701, 119, 1877, 240, 282, 1736. Kò di 0, kì í ṣe práìmù.

Ìlà kejì yẹn dára láti ṣe lójú pátákó. Fún 2147483647, ẹ má fọwọ́ ṣe é o: ìgbésẹ̀ 29 ni, àwọn nọ́mbà inú rẹ̀ á sì gùn dé mọ́kàndínlógún. Ọ̀nà Euler ló yẹ kakulétọ̀, ọ̀nà Lucas ló yẹ ẹ̀rọ.

```
long M = 2147483647L, s = 4;
for (int k = 1; k <= 29; k++)
    s = (s * s - 2) % M;
System.out.println(s == 0);
```

s kì í dé 2^31, nítorí náà s * s kì í dé 2^62, long sì gbà á. Tí wọ́n bá kọ s ní int, àkúnwọ́sílẹ̀ ti dé nìyẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni iye ìgbésẹ̀. Ẹni tó bá ṣe 30 máa rí −2, ẹni tó bá ṣe 31 máa rí 2, á sì dúró sórí 2 títí ayé, torí 2 × 2 − 2 ṣì jẹ́ 2. Nígbà tí ọmọ bá mú −2 tàbí 2 wá, ẹ ti mọ̀ pé ó kọjá ojúlé ni.

Ẹni tó bá fẹ́ kó yára lè fi àpapọ̀ rọ́pò ìpín: ẹ gé nọ́mbà sí méjì ní bíìtì 31, ẹ ro apá òkè mọ́ apá ìsàlẹ̀. Lórí 127, bíìtì 7 ni: 111 × 111 − 2 = 12319, ìyẹn 96 × 128 + 31. 96 + 31 = 127. Ẹ rí i? Ó fún wa ní 127, kò fún wa ní 0, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n jẹ́ lórí 127. Ẹni tó bá gbàgbé láti kọ `if (s == M) s = 0` máa lé práìmù tòótọ́ dànù. Ọ̀pọ̀ kóòdù tí wọ́n ń pín kiri ló ní àléébù yìí.

Fún p = 61, long kò tó mọ́. BigInteger, irú nọ́mbà Java tó ń gbòòrò bó ṣe yẹ, ni kí wọ́n lò.

---

Ìjùmú_Àgbà

Ẹ kú ìjíròrò. Ìhà kan wà tí ẹ ò tíì kàn, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú nọ́mbà yìí: nọ́mbà tó ṣáájú rẹ̀ gan-an.

2147483646 = 2 × 3 × 3 × 7 × 11 × 31 × 151 × 331.

31 wà nínú rẹ̀, bí Fermat ṣe ní kó wà. Gbogbo olùpín rẹ̀ kéré, èyí sì fún wa ní ẹ̀rí kẹta. Ẹ mú 7. 7^2147483646 ṣẹ́ku 1 lórí 2147483647. Tí ẹ bá wá fi 2, 3, 7, 11, 31, 151 àti 331 pín 2147483646 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ gbé 7 sí agbára èyí tó jáde, kò sí ọ̀kankan tó ṣẹ́ku 1. Ìyẹn ni pé 7 gba gbogbo nọ́mbà láti 1 dé 2147483646 kọjá kó tó padà sí 1, kò sì sí nọ́mbà tí kì í ṣe práìmù tó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò méje àti ọ̀kan, ó parí. Ẹ fi í wé 2, tó ń padà sí 1 lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 31 péré.

Ìyàtọ̀ 7 àti 2 yìí ni wọ́n fi ń ṣe nọ́mbà àìròtẹ́lẹ̀. Ẹ mú nọ́mbà ìbẹ̀rẹ̀ kan, ẹ fi 16807 lọ́po rẹ̀, ẹ mú àṣẹ́kù lórí 2147483647, ẹ tún un ṣe. 16807 jẹ́ 7^5. 5 kò sì sí lára àwọn olùpín 2147483646, nítorí náà òun náà ń yí gbogbo rẹ̀ ká kó tó padà. Park àti Miller gbé e kalẹ̀ ní 1988 gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tó kéré jù tó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà. Ká ní 7^3 ni wọ́n mú, ìdá mẹ́ta kan péré ni ì bá dé, torí 3 pín 2147483646.

Àyẹ̀wò tí wọ́n fi sílẹ̀ wúlò fún kíláàsì: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀ 10000, ẹ gbọ́dọ̀ rí 1043618065. Tí ẹ bá rí nǹkan mìíràn, kóòdù yín ń kún wọ́ sílẹ̀ ni. Pẹ̀lú long, ìlà kan ló gbà. Ẹni tí int nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè lo ọgbọ́n Schrage, torí pé 2147483647 = 16807 × 127773 + 2836:

```
int k = s / 127773;
s = 16807 * (s - k * 127773) - 2836 * k;
if (s < 0) s += 2147483647;
```

Kò sí ibi tó ti kọjá int. Ẹ má ṣe fi 0 bẹ̀rẹ̀. 0 á máa bí 0 títí. Ẹ má sì fi 2147483647 bẹ̀rẹ̀, torí 0 náà ni. Fún eré àti àpẹẹrẹ nìkan ni o, kì í ṣe fún ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì: ẹni tó bá rí nọ́mbà kan nínú rẹ̀ lè ṣírò gbogbo èyí tó kù.

Jíjẹ́ práìmù ṣe pàtàkì níbí. RANDU, ètò nọ́mbà àìròtẹ́lẹ̀ mìíràn tí wọ́n lò káàkiri nígbà kan rí, mú 2^31 fúnra rẹ̀ pẹ̀lú 65539. Tí ẹ bá fi nọ́mbà rẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ṣe ààmì nínú àyè, gbogbo wọn á tò sórí pẹpẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré.

---

Tísà_Òwé (Kàbà)

Bàbá, ẹ ṣeun o. Ìbéèrè ọmọ kan tó kẹ́yìn: tí 2^31 − 1 bá jẹ́ práìmù, ṣé 2^2147483647 − 1 náà á jẹ́ práìmù?

---

ÌyáMáàsì_Ìyàrà

Rárá, ó sì dára pé ó béèrè, torí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń tan ènìyàn: 3 jẹ́ práìmù, 2^3 − 1 = 7 bẹ́ẹ̀, 2^7 − 1 = 127 bẹ́ẹ̀, 2^127 − 1 bẹ́ẹ̀, Lucas ló fi ẹ̀rí ìyẹn hàn ní 1876. Ṣùgbọ́n 13 jẹ́ práìmù, 2^13 − 1 = 8191 jẹ́ práìmù, 2^8191 − 1 kì í ṣe práìmù.

Ti 2^2147483647 − 1, Guy Haworth rí olùpín rẹ̀ ní 1983: 295257526626031. Òfin kan náà tí a lò lókè ló mú un jáde. Olùpín gbọ́dọ̀ jẹ́ 2 × k × 2147483647 + 1, kó sì ṣẹ́ku 1 tàbí 7 lórí 8. Níbí, k jẹ́ 68745, àṣẹ́kù lórí 8 sì jẹ́ 7. Ọmọ tó bá ní kakulétọ̀ lè yẹ ti k yẹn wò báyìí.

Láti rí i pé ó pín in lóòótọ́, ẹ fi BigInteger ṣe é, torí pé ìlọ́po nọ́mbà yẹn àti ara rẹ̀ gùn dé nọ́mbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, long kò sì gbà á:

```
BigInteger q = new BigInteger("295257526626031");
BigInteger p = BigInteger.valueOf(2147483647L);
System.out.println(BigInteger.valueOf(2).modPow(p, q));
```

1 ló máa tẹ̀ jáde, kíá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú láti kọ 2^2147483647 fúnra rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó pín in. ModPow ń mú àṣẹ́kù ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po-ara-ẹni tó sì máa ṣe kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n lọ.